Ètò Àbíyè àti Ìdádúró Mẹ́ta tó ń Ṣekú Pa Aboyún
Ní ọdún 1994, Thaddeus àti Maine ṣàlàyé ìdádúró mẹ́ta tó ń ṣekú pa aboyún: kí ìdílé tó pinnu àtiwá ìtọ́jú, kí aboyún tó dé ilé-ìwòsàn, àti kí wọ́n tó dá a lóhùn níbẹ̀. Lójú tiwa, èkejì ló ń ni obìnrin abúlé tí kò lówó ọkọ̀ lára jù. Òun ni ètò Àbíyè (orúkọ tó jẹ́ àdúrà fúnra rẹ̀), tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní ọdún 2009, gbógun tì: a fún aboyún ní fóònù, òṣìṣẹ́ ìlera sì ń gun alùpùpù lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì ń tọ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ètò Agbẹ̀bíyè ti ọdún 2014 fi fún agbẹ̀bí tó bá mú aboyún wá sí ilé-ìwòsàn ní ẹ̀bùn owó. Bí wọ́n bá kàn fòfin lé e, ìkọ̀kọ̀ ni ìbá ti máa gbẹ̀bí.