Àkójọ àwòrán kúlẹ̀kúlẹ̀ ilé

Àkójọ àwòrán kúlẹ̀kúlẹ̀ ilé ni ibi tí àwọn ayàwòrán-ilé ń pa àwọn àwòrán kéékèèké tí wọ́n ń lò lemọ́lemọ́ mọ́ sí nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má baà máa yà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àwòrán gbogbo ilé ń fi ibi tí yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà hàn. Àwòrán kúlẹ̀kúlẹ̀ ní tirẹ̀ ń fi hàn bí ohun kan ṣe pàdé òmíràn: bí òrùlé ṣe jókòó lórí ògiri, bí kankéré orí fèrèsé ṣe gbé búlọ́ọ̀kù tó wà lókè rẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá sí kí omi inú ilẹ̀ má baà gun ògiri. Láti inú rẹ̀ ni bíríkìlà àti káfíńtà ti ń mú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Ìtàn

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, inú ìwé ni irú àkójọ yìí wà. Ramsey àti Sleeper tẹ Architectural Graphic Standards jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1932, Ernst Neufert sì tẹ Bauentwurfslehre jáde ní Jámánì ní ọdún 1936. Ilẹ̀ olótùútù ni àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1956 ni Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ Tropical Architecture in the Humid Zone jáde fún àwọn ilẹ̀ tí ooru àti òjò ti pọ̀.

Ní ọdún 1963, Ivan Sutherland gbé Sketchpad kalẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà. Nínú ètò kọ̀ǹpútà yìí, ènìyàn lè ya àwòrán ìyá kan, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi púpọ̀. Bí ó bá yí ìyá padà, gbogbo ẹ̀dà yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Èrò yìí ni AutoCAD, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, ń lò nínú ohun tó ń pè ní block, orúkọ tó rọrùn láti ṣì mú fún búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń mọ ògiri.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá mú block láti inú àkójọ wá sínú àwòrán ilé kan, AutoCAD ń da á kọ sínú fáìlì ilé náà. Láti ìgbà náà lọ, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe nínú àkójọ tí wọ́n sì tún un ṣe, àwọn ilé tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ ṣì ní àṣìṣe náà nínú, àfi bí wọ́n bá ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà kejì, tí ń jẹ́ xref, ń tọ́ka sí ìyá láìdà á kọ, nítorí náà àtúnṣe máa ń hàn nígbà tí wọ́n bá tún fáìlì náà ṣí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìfi ìyá rẹ̀ tì í, òfìfo ni ẹni náà yóò bá.

Ìtòjọ

Wọ́n lè to àwòrán pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ilé: ìpìlẹ̀, ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé, àtẹ̀gùn, òrùlé, omi àti ẹ̀gbin. Orúkọ fáìlì ló máa ń fa wàhálà. Ẹni tó bá kọ “ile” láìsí àmì kò sọ bóyá ilé ni tàbí ilẹ̀. Ẹni tó bá sì fi àmì sí i lè rí i pé kọ̀ǹpútà kò rí fáìlì náà nígbà tí ẹlòmíràn bá wá a, nítorí pé bọ́tìnnì méjì lè kọ lẹ́tà kan náà ní ọ̀nà méjì tí ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí. Nítorí èyí, nọ́ńbà ló dára jù ní iwájú orúkọ, bí IP-03 fún ìpìlẹ̀ kẹta.

Ìwọ̀n náà gba àkíyèsí. Bí wọ́n bá mú àwòrán tí wọ́n fi mìlímítà yà sínú èyí tí wọ́n fi mítà yà láìsọ fún kọ̀ǹpútà, yóò tóbi ní ìlọ́po 1,000. Ní Nàìjíríà, búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì 9 jẹ́ mìlímítà 225 ní fífẹ̀, oní-íńṣì 6 sì jẹ́ 150. Ògiri tí wọ́n mú láti inú àkójọ ilẹ̀ òkèèrè kì í sábà bá èyíkéyìí mu.

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokòmáìkò

Agbègbè yìí, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983 wà, fi hàn ìdí tí orúkọ nìkan kò fi tó. Ní apá Ọ̀jọ́ tó súnmọ́ ọ̀sà, ẹrọ̀fọ̀ pọ̀, omi kò sì jìn sí ojú ilẹ̀. Àwọn ibòmíràn wà tí ilẹ̀ ti ga tó sì le. Ìpìlẹ̀ tóóró tí wọ́n ń gbẹ́ tẹ̀lé ògiri bá ilẹ̀ líle mu. Lórí ẹrọ̀fọ̀, ìpìlẹ̀ ráfútù, tó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ gbogbo ilé, ni wọ́n sábà ń yàn. Sọ́kàwéè tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ilẹ̀ gbígbẹ lè kún fún omi ilẹ̀ níbi tí omi ti súnmọ́ òkè, kí omi ẹ̀gbin má sì ríbi lọ.

Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí lórí kọ̀ǹpútà, nítorí ìlà lásán ni gbogbo wọn. Fún ìdí èyí, ó yẹ kí a kọ irú ilẹ̀ tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà fún sára rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò LASPPPA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò rọ́pò èyí. Bẹ́ẹ̀ ni àkójọ kò rọ́pò ẹnjiníà: irin àti ìnípọn kankéré ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú ìṣirò ilé náà gan-an wá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò.

Àwòrán tí wọ́n bá ti pa tì kì í ṣe ohun ìparẹ́. Inú fódà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó o sí, nítorí pé ilé tí wọ́n fi kọ́ ṣì dúró, onílé sì lè padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá láti béèrè bóyá ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè gba òkè kan sí i.