Iṣẹ́ abẹ tó ń dín sísanra kù: ẹ fi pamọ́ fún ayé, ẹ má fi pamọ́ fún ará ilé

Tí èèyàn bá sanra níbí, gbogbo ayé ló ní nǹkan láti sọ. Wọ́n á pè é ní orobo, wọ́n á máa bi í bóyá oyún ni. Tó bá wá rù, kò tún bọ́ lọ́wọ́ wọn: o ti jò o! Ṣé kò sí? Àbí ilé ọkọ ni kò rọgbọ? Abájọ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n lè dín sísanra kù kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Wọ́n á ní àwọn rìnrìn àjò. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á ní jímù ni, pé àwọn kì í jẹun alẹ́ mọ́.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ṣe é. Àwọn tó ń pè é ní ìwà ọ̀lẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ẹran nìkan ṣe oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ kan ká wò ó. Ohun tí mò ń bá jà ni kí èèyàn lọ gé àpòlúkù rẹ̀, kó wá padà sínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀.

Torí gígé ni wọ́n ń gé e o. Ọ̀pọ̀ wa ṣì kéré nígbà tí Stella Obasanjo, ìyàwó ààrẹ ìgbà yẹn, kú ní Spain ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe láti yọ ọ̀rá ikùn rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí ẹ bá ti dárúkọ sísanra àti iṣẹ́ abẹ pọ̀, òun ni àwọn òbí wa máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ kí ìrísí lè dára, ọ̀tọ̀ ni èyí tí mò ń sọ. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò pátápátá, èyí tó kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí dídá a padà. Nínú bypass, wọ́n á ṣe àpò kékeré kan tí kò tó ẹyin adìyẹ, wọ́n á so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀, oúnjẹ ò sì ní gba ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Wọn ò ṣe é fún ẹni tó kàn fẹ́ kí aṣọ ẹbí bá òun mu lóṣù tó ń bọ̀. Òṣùwọ̀n BMI ni àwọn dókítà ń wò: ẹ fi gíga yín ní mítà pín ìwọ̀n yín ní kílò, kí ẹ tún fi gíga kan náà pín èsì rẹ̀. Ẹni tó ga ní mítà 1.65, tó sì wọn kílò 110, BMI rẹ̀ lé díẹ̀ ní 40. Láti ọdún 1991, 40 ni ìlànà, tàbí 35 fún ẹni tó ní àìsàn bí àtọ̀gbẹ mọ́ ọn. Lọ́dún 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ yìí sọ ọ́ di 35 láì wo àìsàn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó wà ní 30 tó ní àtọ̀gbẹ yẹ̀ wò.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó wà lára àwọn tó yẹ fún. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú un, orúnkún ń dùn ún, kò sì tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ gba oṣù mẹ́ta: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ọkàn, ìjókòó pẹ̀lú onímọ̀ nípa oúnjẹ, àti pẹ̀lú ẹnì kan tó bi í bóyá ìbànújẹ́ ló máa ń mú un jẹun. Wọ́n ní kó pa shisha tì. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gba ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì àti mínírà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra púpọ̀ sábà máa ń wú nítorí ọ̀rá, ó sì wà lórí àpòlúkù. Tí kò bá sún kì, ọ̀nà lè má là fún oníṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá ń jí ẹ̀bà jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ọ̀rẹ́ mi ò jí ẹ̀bà jẹ. Àmọ́ ó sọ fún Mọ́mì rẹ̀ pé ààwẹ̀ lòun ń gbà. Mọ́mì ní, "Ààwẹ̀ wo ni wọ́n ń fi ẹyin àti ẹ̀fọ́ gbà?"

Torí pé mo kàwé òfin, ó ní kí n bá òun wo ìwé tí wọ́n fẹ́ kí òun fọwọ́ sí. Ojú ewé méjì péré ni, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an ni wọ́n sì fún un, nígbà tó ti wọ aṣọ ilé ìwòsàn tán. Èyí ò dáa. Ìsọ̀rí 23 nínú National Health Act ti ọdún 2014 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún aláìsàn: ìtọ́jú mìíràn tó wà, àǹfààní, ewu, iye owó àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ó tún ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Torí náà, ẹ béèrè ìwé yẹn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ fi gègé sàmì sí ibi tí kò bá yé yín. Tí Yorùbá ló máa yé yín jù, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi sọ fún ẹnì kan nínú ilé. Ó yarí. Ìgbẹ̀yìn ló sọ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó sì fi nọ́ńbà ilé ìwòsàn àti àwọn àmì ewu ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé e dìde kó rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí i lẹ́sẹ̀. Nílé, nǹkan olómi nìkan ni fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n lọ̀ kúnná, kó tó kan ohun tó rọ̀. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí èèyàn tó máa jẹ oúnjẹ gidi, díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í gbé omi mì gbọ́lọ́gbọ́lọ́, ṣe ni wọ́n ń fẹnu kàn án láti àárọ̀ dalẹ́. Wọn kì í sì í mu ún mọ́ oúnjẹ. Mọ́mì ò mọ ìkankan nínú èyí. Iyán ló ń gún, tó ń bínú pé ọmọ òun ò jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ tó ti délé, òyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ ń sáré, kò sì tọ̀ láti àárọ̀. Mọ́mì ní ibà ni. Ó gbé àgbo kaná, ó mú ibuprofen dání. Àbúrò ló sáré pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó máa gbé e bọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí tí ọkàn bá ń sáré báyẹn, ibi tí wọ́n gé tí wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ dì lè ti máa jò sínú ikùn. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí tí kò tètè dé ilé ìwòsàn lè kú. Tirẹ̀ kò jò. Omi ni kò mu tó. Wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ méjì, ó dìde. Ṣùgbọ́n ká ní àbúrò náà ò mọ̀ ńkọ́? Àgbo ni ì bá mu sórí ojú egbò.

Mo mọ ohun tí òfin sọ. Ìsọ̀rí 26 nínú òfin yẹn kan náà sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera yín, ilé ìwòsàn ò gbọ́dọ̀ ṣàdédé tú u. Ẹ kò jẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ní àlàyé, ẹ kò sì jẹ àwọn ará Instagram. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ ń sùn sínú ilé kan náà yàtọ̀. Dókítà mìíràn tó bá máa tọ́jú yín yàtọ̀, àti ẹni tó ń ta oògùn fún yín. Lẹ́yìn bypass pàápàá, ibuprofen àti diclofenac lè dá egbò sínú àpò kékeré yẹn, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nyí ló máa kọ́kọ́ nawọ́ sí yín tí ẹ bá ní ẹ̀yìn ń dùn yín. Ọtí náà máa ń tètè pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tábìlì òde àríyá ni ọ̀pọ̀ ti ń mọ èyí.

Irun lè máa já láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ó sì sábà máa ń padà hù. Fítámì kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta: B12, áyọ́ọ̀nù, kálísíọ́mù àti fítámì D, títí ayé ni, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó ta mọ́tò láti san mílíọ̀nù náírà fún iṣẹ́ abẹ, tí kò fi owó èyí sílẹ̀, kò tíì múra tán. Ẹ̀yin obìnrin, bí ara bá ṣe ń fúyẹ́ ni oyún lè tètè dé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kí ẹ dúró fún oṣù 12 sí 18. Ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá ọkọ tó ń ka oṣù lórí ìka, tó bá jẹ́ pé ọkọ fúnra rẹ̀ ò mọ̀?

Àwọn ọmọ wa ní London náà wà ńbẹ̀, àwọn tí kò lè dúró de NHS, tí wọ́n wọ bàálù lọ sí Turkey, tí wọ́n padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bàálù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń fi kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tí ikùn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹni lóru ní Peckham, dókítà tó máa rí i kò mọ ohun tí wọ́n gé àti ohun tí wọ́n so. Kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé.