Ìtàn tí ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́dọ̀ parí: Bí ìwé ìròyìn Dungeon ṣe sọ òǹkàwé di òǹkọ̀wé

Ẹni tó bá kọ ìtàn sínú ìwé ló sábà máa ń mọ bí yóò ṣe parí. Ṣùgbọ́n irú ìtàn kan wà tó jẹ́ pé bí òǹkọ̀wé bá fi lè sọ bó ṣe parí, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn Dungeon, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi kún ojú ewé rẹ̀ láti 1986 títí di 2007.

Eré kan ló bí ìwé ìròyìn náà. Lọ́dún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde. Ilé-iṣẹ́ TSR, tó wà ní ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló ń tà á. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe eré ọ̀hún, ṣùgbọ́n kò jọ lúdò. Kálukú yóò sọ ara rẹ̀ di ẹnì kan: jagunjagun, olè, tàbí onídán. Ẹnì kan láàárín wọn ni adarí eré. Òun ni yóò máa sọ ohun tó wà níwájú wọn, àwọn náà yóò sì máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, wọn yóò da dáìsì, èyí tí òmíràn nínú rẹ̀ ní ojú 20.

Adarí eré ló ni wàhálà jù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jókòó ló gbọ́dọ̀ ní ibi tuntun tí yóò mú wọn lọ. Dungeon ló wá gbà wọ́n. Roger E. Moore ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́, oṣù méjì-méjì ló sì ń jáde, pẹ̀lú oríṣiríṣi ìrìnàjò tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀. Èyí tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àwọn òǹkàwé gan-an ló ń kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ránṣẹ́. Bí olóòtú bá tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn yóò gbowó.

Kì í wá ṣe iṣẹ́ tó rọrùn. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi àpótí yí ká, èyí tí adarí eré yóò kà sókè fáwọn tó jókòó. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tuntun ti ń ṣubú. Bó bá kọ ọ́ pé, “Ẹ wọ inú yàrá, ẹ̀rù bà yín, ẹ sì sá jáde,” ó ti gba eré lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ta ló sọ fún un pé wọn yóò sá? Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ bá ẹranko inú yàrá náà dúnàádúrà. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ojú fèrèsé ni wọ́n gbà wọlé. Ohun tó yẹ kó kọ ni ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí onítọ̀hún ń wá, àti ohun tó lè ṣe bí wọ́n bá yọjú sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni máàpù. Ìrìnàjò tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo, àwọn tó ń ṣeré náà máa ń fi í wé ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé kò síbi téèyàn lè yà sí. Bí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo bá sì ló mọ àṣírí, tí wọ́n wá lọ pa á, eré ti dákẹ́ nìyẹn. Ọlọ́gbọ́n òǹkọ̀wé yóò fi àṣírí náà síbi méjì tàbí mẹ́ta: lẹ́nu ẹlẹ́rìí, nínú lẹ́tà, lára ògiri. Irọ́ ni o, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé gbogbo èyí tí Dungeon tẹ̀ ló dára. Ọ̀rọ̀ inú àpótí àwọn kan gùn débi pé oorun lè gbé ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ.

Chris Perkins, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ìwé ìròyìn náà gbé ga. Lọ́dún 1988 ni wọ́n tẹ ìrìnàjò rẹ̀, Wards of Witching Ways, sínú ẹ̀dà 11. Kò ṣíwọ́ kíkọ ránṣẹ́. Nígbà tó di 1997, wọ́n gbà á síṣẹ́ láti wá ṣe olóòtú Dungeon fúnra rẹ̀. Òun náà ló ṣáájú iṣẹ́ ìwé Curse of Strahd, tó jáde ní 2016.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, White Dwarf, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, náà ń tẹ irú ìrìnàjò yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1980 sí 1989 ń parí lọ, ọjà ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló gbájú mọ́. Ti Dungeon pẹ́ díẹ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ra TSR lọ́dún 1997, Paizo sì gba iṣẹ́ títẹ ìwé ìròyìn náà ní 2002. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007 ni wọ́n kéde pé àdéhùn náà kò ní tẹ̀síwájú. Ẹ̀dà 150 ló kẹ́yìn lórí bébà. Ó ṣì ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di 2013, kó tó dákẹ́.

Láti 2016 ni ojúlé kan tí wọ́n ń pè ní DMs Guild ti wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbé ìrìnàjò tirẹ̀ sí kó sì tà á. Kò sí pé olóòtú kan ń yẹ ìtàn wò kó tó dọ́jà. Ẹni tó bá sì kọ ọ́ pé ẹ̀rù bà wọ́n tí wọ́n sì sá, ó dìgbà tí oníbàárà bá rà á kó tó gbọ́ ọ.