Gbájúẹ̀ ti pàtẹ sábẹ́ fíìmù yín: ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà lé wọn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fíìmù Yorùbá kan tán lórí YouTube ni, tẹ́ ẹ wá ń ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gbàdúrà fún òṣèré, ẹnì kejì ní kí wọ́n tètè gbé apá kejì jáde. Ẹnì kẹta kò mẹ́nu ba fíìmù rárá. Ohun tóun kọ ni pé dókítà kan ló fi egbòogi wo àìsàn tó ti ń bá òun fínra láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì kọ nọ́ńbà WhatsApp dókítà ọ̀hún síbẹ̀. Lábẹ́ tiẹ̀, ẹlòmíì ní òun náà pè é, pé òótọ́ ni. Ẹlòmíì tún ní obìnrin kan ló bá òun fowó sínú bitcoin, tí èrè fi wọlé láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má jẹ́ kí èrò tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ tàn yín jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan náà ló wà nídìí gbogbo ẹ̀: òun ló béèrè, òun ló dáhùn, òun náà ló tún jẹ́rìí. Spam làwọn òyìnbó ń pe irú kọ́mẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀.

Bóyá ẹnì kan á bi wá pé kí ló kan ojú ìwé okòwò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn án dáadáa. Láyé ọjọ́sí, Ìdúmọ̀tà àti Alábà lọjà fíìmù wà, àwọn tó ń ṣe ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì àti CD ló sì ń jẹ èrè olówó. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ló ti kó ọjà wọn lọ sórí YouTube. Owó ìpolówó ń wọlé fún wọn níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì lè wo fíìmù lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ará Ìbàdàn. Ibi tí wọ́n ń kọ kọ́mẹ́ǹtì sí ni iwájú ìsọ̀ wọn. Bí olè bá wá jókòó síwájú ìsọ̀ èèyàn, tó ń lu àwọn oníbàárà ní jìbìtì, onísọ̀ ni wọ́n máa bú.

Èyí tó burú jù nínú wọn lẹni tó ń fi orúkọ olówó ọjà ṣiṣẹ́. Yóò jí fọ́tò tẹ́ ẹ fi ṣe àmì ìkànnì yín, yóò kọ orúkọ tó jọ tiyín, bóyá kó fi òdo rọ́pò lẹ́tà O. Bí olólùfẹ́ yín kan bá ti kọ̀wé, yóò dá a lóhùn pé ó ti jẹ ẹ̀bùn, kó wá bá òun lórí Telegram. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti ní kó kọ́kọ́ san owó díẹ̀ kí ẹ̀bùn ọ̀hún tó lè dé. Bó bá sanwó tán tí kò rí nǹkan kan, orúkọ yín ni yóò máa bà jẹ́ kiri.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 2022, Marques Brownlee, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ fún fídíò nípa fóònù, fi odidi fídíò kan pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù Keje ọdún náà, YouTube fòpin sí bí àwọn ìkànnì ṣe ń fi iye ọmọlẹ́yìn wọn pamọ́, nítorí ọgbọ́n tí àwọn afarawéni ń dá nìyẹn. Wọ́n tún dín àwọn àmì kù téèyàn lè fi kọ orúkọ ìkànnì. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ní àwọn ti pa spam tó lé ní bílíọ̀nù 1.1 rẹ́ láàrin oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ẹ̀. Síbẹ̀, wọn ò tán. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Àwọn kan ti torí èyí ti ibi kọ́mẹ́ǹtì wọn pa pátápátá. Àwa ò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe nìyí.

Ẹ wọ YouTube Studio, kẹ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Settings sí, kẹ́ ẹ wá ibi ètò kọ́mẹ́ǹtì. Ẹ ó rí Basic, Strict àti Hold all. Strict ló dáa fún ìkànnì tí spam ti ń yọ lẹ́nu. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ tó lè máa ka gbogbo ẹ̀ ni kó mú Hold all.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣọdẹ sínú Blocked words: WhatsApp, Telegram, orúkọ dókítà tí wọ́n máa ń kọ. Ẹ tún dí ọ̀nà mọ́ kọ́mẹ́ǹtì tó bá gbé líǹkì dání.

Bí ọ̀kan bá ṣì já wọlé, ẹ má kàn pa á rẹ́. Ẹ fẹjọ́ ẹ̀ sun YouTube nípa títẹ Report, kẹ́ ẹ tún tẹ Hide user from channel, kí ohun tó bá tún kọ má hàn lọ́dọ̀ yín mọ́.

Ẹ̀rọ lè ṣèèṣì, ó lè di àdúrà oníbàárà gidi mú mọ́ spam. Ọjọ́ 60 péré ni YouTube ń tọ́jú ohun tó bá dá dúró, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́.

Lákòótán, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ̀rọ̀ kan, kẹ́ ẹ so ó mọ́ òkè gbogbo kọ́mẹ́ǹtì: “A kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbí, a kì í sì í pe èèyàn lọ sórí WhatsApp.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fíìmù náà, ẹ lajú. Bó bá jẹ́ olówó ìkànnì gan-an ló dá yín lóhùn, àwọ̀ tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ máa ń yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ fowó sílẹ̀ kó di ìlọ́po, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àjọ SEC mọ̀ ọ́n. Òfin ìdókòwò tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù lọ́dún 2025 ti ka òwò gbájúẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó bá ti lọ ṣòroó gbà padà.

Gbogbo oníṣòwò ló máa ń gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kó tó pàtẹ láàárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó láti gba ti YouTube náà.