Bí Wọ́n Ṣe Rọ Ọba Lóyè ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́

Kò sí òfin kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó sọ bí a ṣe ń rọ ọba lóyè. Síbẹ̀, wọ́n yọ Edward Kejì lọ́dún 1327 àti Richard Kejì lọ́dún 1399, wọ́n sì wá ọ̀nà kí ó má baà dà bí ọ̀tẹ̀ lásán.

Ṣáájú èyí, àwọn ìjòyè ti gbìyànjú láti fi ìwé de ọba. Owó orí tí Ọba John ń gbà ti ni wọ́n lára, nítorí náà wọ́n fipá mú un fi òǹtẹ̀ lu Magna Carta ní Runnymede lọ́dún 1215. Ìjòyè 25 ni yóò máa ṣọ́ ọ. Bó bá yẹ àdéhùn, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé àwọn ilé olódi rẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí Póòpù fagi lé ìwé náà, ni ogun bá bẹ́.

Edward Kejì búra nígbà tí wọ́n dé e ládé lọ́dún 1308 pé òun yóò pa òfin tí àwọn ará ìlú bá yàn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àyànfẹ́ rẹ̀, Piers Gaveston àti lẹ́yìn náà Hugh Despenser, ló gbọ́ tiwọn. Lọ́dún 1326, olorì rẹ̀, Isabella, àti Roger Mortimer kó ogun wọ̀lú. Ìgbìmọ̀ ìlú péjọ sí Westminster, wọ́n to ẹ̀sùn rẹ̀ jọ, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i ní Kenilworth pé kó gbé adé fún ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 14. Ó gbà tomijétomijé.

Ti Richard le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lé Henry Bolingbroke, ìbátan rẹ̀, kúrò nílùú, ó sì gba ogún rẹ̀ nígbà tí bàbá Henry kú. Ẹ̀rù ba gbogbo onílẹ̀. Ìgbà tí ọba wà ní Ireland ni Henry padà dé, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ ọba. Ẹ̀sùn 33 ni wọ́n kà sí ọba lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan ni pé ó ní ẹnu òun ni òfin wà. Wọ́n ní ó fínnúfíndọ̀ fi oyè sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú àhámọ́ ló wà.

Edward ní àrólé tó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Richard kò bímọ, Henry Bolingbroke, tó wá di Henry Kẹrin, kò sì dá ẹ̀tọ́ ìtẹ́ náà ní. Àríyànjiyàn yìí ni ìdílé ọba York gbé dìde tí wọ́n fi lé ọmọ-ọmọ rẹ̀, Henry Kẹfà, kúrò lórí oyè lọ́dún 1461.