Kí ẹ tó fi owó ọjà ra ilé ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, Àkókó, bíi ti àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, kò ṣòro kéèyàn rí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí pé ilé yìí kì í ṣe títà. Wọn kì í déédéé kọ ọ́. Ọmọ kan nínú ẹbí ló sábà máa ń fẹ́ tà á lẹ́yìn àwọn yòókù, àwọn yòókù náà sì ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kówó sílẹ̀.

Oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kó sínú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ó ti sú u láti máa san owó ṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún, ó wá fẹ́ ilé tó kọjú sí títì, kó máa tajà níwájú, kó máa gbé lẹ́yìn. Lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, tó gba Àkùngbá kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin náà ń wá yàrá, kò sì yẹ kí ìkánjú wọlé sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé tí bàbá kan kọ́, tó sì kú láìṣe ìwé ìhágún. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ilé náà ti di ti gbogbo ọmọ. Dáwódù ni olórí ẹbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ni ín. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika lọ́dún 1959, ilé ẹjọ́ là á pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti fagi lé e. Nítorí náà, rìsíìtì tí Dáwódù nìkan fọwọ́ sí kò tó. Bí bàbá bá fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀, ẹ rí aṣojú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ àtẹni tó ń gbé l'Ékòó. Àwọn obìnrin yìí gan-an ni àwọn tó ń ra ilé máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ni ilé ẹjọ́ ti gbà pé lẹ́yìn Dáwódù, ọmọ tó dàgbà jù, ìbáà ṣe obìnrin, lè di olórí ẹbí.

Lẹ́yìn ẹbí ló kan ìjọba. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ilé tó bá sì ní C of O kò ṣeé tà láìgba àṣẹ rẹ̀. Ẹ rán lọ́yà lọ sí Àkúrẹ́ láti yẹ ìwé náà wò, kí awọnlẹ̀ sì fi ìwé sọ́fè wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní C of O. Ìyẹn kò ní kí ẹ má rà á, ṣùgbọ́n ó yẹ kó hàn nínú iye tí ẹ ó san, torí ìwé ẹbí lásán kì í sábà tó báǹkì bí ẹ bá fẹ́ fi ilé náà yáwó.

Òkúta tún wà níbẹ̀. Ilé orí òkè ní Ọ̀kà lè wù yín lójú, àmọ́ ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, kí ẹ rí ibi tí àgbàrá ń gbà àti bóyá tipa oníyanrìn lè gòkè. Kànga ńkọ́? Oṣù kejì ọdún ni kí ẹ ju okùn sí i, kì í ṣe oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá tún kànga gbẹ́ nínú àpáta mọ iye tó ná an.

Bí ayálégbé bá wà níbẹ̀, ẹ má rò pé wọ́n á kó jáde lọ́jọ́ kejì; wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ìkìlọ̀ tí òfin là sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí wọ́n ka àdéhùn náà sí i létí lédè tó gbọ́, kí ẹni tó kọ ọ́ sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i.

Báǹkì ni kí ẹ ti san owó náà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sanwó lẹ́ẹ̀mejì, kí apá kejì dúró di ìgbà tí gbogbo wọn bá fọwọ́ sí i. Owó tí ẹ fi ń kó ọjà Iléyá àti Kérésì, ẹ má kó o mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ gba ìwé àtijọ́ ilé náà pẹ̀lú, kí ẹ sì béèrè gbèsè owó iná tó wà nílẹ̀.