Àmì Dúdú ní Àtẹ́lẹsẹ̀

Bí àmì dúdú bá yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀ kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó rọrùn fún un láti rò pé ẹ̀gún ni ó gún òun. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná wà lára ibi tí jẹjẹrẹ awọ ara tí à ń pè ní mẹlanómà ti wọ́pọ̀ jù lára aláwọ̀ dúdú. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ti tàn ká ara rẹ̀ kì í lò ju ọdún kan lọ mọ́. Nísisìyí, ìrètí ti wà. Àwọn ọmọ ogun kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà, ṣùgbọ́n ara a máa so wọ́n rọ̀ kí wọn má baà ṣe ara fúnra rẹ̀ léṣe. Jẹjẹrẹ a sì máa sá sábẹ́ okùn náà. Ará Ọ̀yọ́ mọ ẹṣin: èyí tí a fi okùn méjì so, bí a bá tú ọ̀kan, èkejì yóò ṣì dá a dúró.

James Allison ti Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ti Jàpáánì, tí wọ́n ṣe àwárí bí a ti lè tú okùn wọ̀nyí, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Oògùn ipilimumab ń tú okùn kan, nivolumab ń tú èkejì. Ní 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí lílo méjèèjì pọ̀ fún mẹlanómà tí ó ti tàn. Àbájáde ìwádìí kan tí a gbé jáde ní 2024 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó gba méjèèjì, bí 43 ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nínú àwọn tí ó gba ipilimumab nìkan, 19 péré ni.

Ṣùgbọ́n ẹṣin tí a tú sílẹ̀ lè tẹ oko olówó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó lé ní ìdajì àwọn tí ó gba méjèèjì tí àìsàn líle bá nítorí oògùn náà, pàápàá ní ìfun àti ẹ̀dọ̀. Owó rẹ̀ pọ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, mẹlanómà ti àtẹ́lẹsẹ̀ kì í sì í sábà gbọ́ oògùn wọ̀nyí tó ti ibòmíràn lára.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bí àmì dúdú bá ń gbòòrò, tàbí tí egbò kan kò bá jinná, kí ó má ṣe fi ọ̀bẹ gé e nílé. Kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́, tàbí sí ilé-ìwòsàn Yunifásítì Bowen tàbí ti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí dókítà bá gé e kúrò kí ó tó tàn, ó sàn ju oògùn méjèèjì lọ.